Iná tí kò gbọdọ̀ já: bí a ṣe ń fún kámẹ́rà ní iná láti ìta fún time-lapse ọlọ́jọ́ gbọọrọ

Irúgbìn ẹ̀wà kan ni mo fẹ́ fi time-lapse yà bó ṣe ń hù, ìyẹn ọ̀pọ̀ àwòrán tí a ń yà ní àyè-àyè, tí a wá ń tò pọ̀ di fídíò. Mo gbé kámẹ́rà sórí tripod, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí ó máa ya àwòrán kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bátìrì kú lóru ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, mo sáré pààrọ̀ rẹ̀, mo ti ìlẹ̀kùn bátìrì padà, mo rò pé ó parí. Ìgbà tí mo wá to àwọn àwòrán náà pọ̀ di fídíò ni mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wákàtí mẹ́rin tí ọrùn irúgbìn náà fi ta jáde nínú ilẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ibi tí mo ti fọwọ́ kan kámẹ́rà ni ìkòkò náà ti fò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kámẹ́rà yẹn lè má yẹ̀ ju fífẹ̀ irun orí kan lọ, ṣùgbọ́n nínú fídíò, àfi bí ìgbà tí ẹnì kan gbá tábìlì nípàá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iná láti ìta kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí bátìrì pẹ́ nìkan. Àǹfààní tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní kan kámẹ́rà láti àwòrán àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ pé iná kò tó. Iná tó já ló máa ń ba nǹkan jẹ́: pílọ́ọ̀gì yọ, wáyà fà, power bank pa ara rẹ̀ nígbà tí ìdajì iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín bí a ṣe ń lọ, nítorí òun ni mo fi ń yan ohun tí mo máa lò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn iye iná tí kámẹ́rà yín ń jẹ

Ẹ yọ bátìrì kámẹ́rà yín kí ẹ wo ara rẹ̀. Ẹ ó rí fóltì, ẹ ó rí mAh (mílíáńpù-wákàtí), lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó sì rí Wh, èyí tí í ṣe wáàtì-wákàtí. Wh yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ló ń sọ bí iná inú bátìrì ṣe pọ̀ tó. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ sọ fóltì di ìlọ́po mAh, kí ẹ fi 1000 pín in. LP-E6N ti Canon jẹ́ fóltì 7.2 àti 1865 mAh, tí í ṣe nǹkan bíi Wh 13.4. NP-FW50 ti Sony jẹ́ fóltì 7.2 àti 1020 mAh, nǹkan bíi Wh 7.3. NP-FZ100 ti Sony kan náà tó Wh 16.4, ó ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ ohun tí kámẹ́rà ń jẹ kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ gba bátìrì náà kún, ẹ ṣètò kámẹ́rà gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́ lò ó níbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó máa ya àwòrán lọ títí bátìrì yóò fi kú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo aago àwòrán àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Ká sọ pé bátìrì Wh 14 lo wákàtí méje: 14 tí a fi 7 pín jẹ́ 2, nítorí náà wáàtì 2 ni kámẹ́rà yín ń jẹ. Ọjọ́ kan yóò gba Wh 48, ọjọ́ mẹ́ta yóò gba 144. Ẹ fi ìdá mẹ́rin kan kún un, nítorí ibikíbi tí iná bá ti ń yí láti fóltì kan sí òmíràn, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń di ooru. Á wá jẹ́ 180 fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ kíyè sí i pé wákàtí ni mo ní kí ẹ kà, n kò ní kí ẹ ka àwòrán. Iye àwòrán tí wọ́n kọ sínú ìwé kámẹ́rà, bíi 700 tàbí 900, kò wúlò fún wa níhìn-ín. Kámẹ́rà tó lajú sílẹ̀ ń jẹ iná bí kò tiẹ̀ ya ohunkóhun. Ẹni tó ń ya àwòrán kan ní ìṣẹ́jú kan lè ya 400 péré kí bátìrì tó kú, kì í sì í ṣe pé bátìrì náà bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dín ohun tó ń jẹ iná kù kí ẹ tó náwó

Wáàtì tí ẹ bá dín kù níbí yóò dín bátìrì, sólà àti ẹrù tí ẹ máa gbé kù. Ẹ pa Wi-Fi, Bluetooth àti GPS. Ẹ pa àwòrán tó máa ń hàn lójú ẹ̀rọ lẹ́yìn tí ẹ bá yà tán. Ẹ sọ ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ di èyí tó ń kú. Lórí DSLR, kámẹ́rà tó ní dígí nínú, ẹ má ṣe lo live view, ìyẹn wíwo ohun tí ẹ ń yà lójú ẹ̀rọ, àfi nígbà tí ẹ bá ń ṣètò ohun tó máa wà nínú àwòrán. Ẹ pa ohun tó ń mú lẹ́ńsì dúró jẹ́ẹ́, torí lórí tripod kò ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe ju kí ó máa jẹ iná, kí ó sì máa yẹ àwòrán díẹ̀díẹ̀. Ẹ yí autofocus, tó ń mú kí àwòrán hàn kedere fúnra rẹ̀, sí ti ọwọ́, kí ẹ sì lẹ téèpù mọ́ òrùka lẹ́ńsì kí ó má baà sún. Ẹ pa fífọ sẹ́ńsọ̀ (ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀) tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá tàn tàbí tó bá kú.

Ṣọ́tà ni ohun tó ń ṣí tó sì ń pa kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí kámẹ́rà yín bá ní ṣọ́tà onímànàmáná, ẹ lò ó bí ohun tí ẹ ń yà kò bá sáré. Ó ń dín iná kù, ó sì ń dá ṣọ́tà onírin sí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àwòrán kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 jẹ́ 2,880 lọ́jọ́ kan. Ṣọ́tà tí wọ́n dán wò dé 150,000, bí ti EOS 5D Mark III, yóò dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ 52.

Ohun tó kù ni oorun. Bí àyè àárín àwòrán kan sí èkejì bá ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà máa sùn láàárín. Lọ́wọ́ tèmi, kò sí ètò mìíràn tó ń dín iná kù tó èyí. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò dáadáa, torí àwọn kámẹ́rà kan wà tí aago ìta, ohun tí wọ́n ń pè ní intervalometer, tó ń bá wa tẹ bọ́tìnì yíya ní àkókò tí a dá fún un, kò lè tètè jí. Títẹ̀ àkọ́kọ́ á jí i, kò sì ní ya ohunkóhun. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣètò aago náà kí ó tẹ bọ́tìnì náà pẹ́ díẹ̀, kí kámẹ́rà ráyè jí tán. Bí kò bá tún gbọ́, ẹ lo aago tó wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé aago ìta ní bátìrì tirẹ̀ nínú. Ẹ fi tuntun sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ibi tí iná máa gbà wọ kámẹ́rà

Ọ̀nà méjì ló wà: ihò USB-C, tàbí bátìrì òfìfo, èyí tí wọ́n ń tà ní orúkọ dummy battery tàbí DC coupler.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ USB-C, torí bí kámẹ́rà yín bá gbà á, òun ló dára jù. Ṣùgbọ́n gbígba bátìrì kún yàtọ̀ sí bíbọ́ kámẹ́rà nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Nikon Z6 àkọ́kọ́ ń gba bátìrì rẹ̀ kún láti USB nígbà tó bá kú nìkan. Láti orí Z6 II ni wọ́n ti jẹ́ kí iná USB lè bọ́ ọ nígbà tó bá tàn. Sony a7 III ń gba iná USB nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Canon EOS R5 àti R6 náà ń gbà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ láti inú ẹ̀rọ tó ní USB Power Delivery, kì í ṣe ṣájà fóònù lásán. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí tiyín wà, ẹ wo bátìrì lójú ẹ̀rọ, ẹ so USB mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ó ya àwòrán fún wákàtí méjì, kí ẹ tún wò ó. Bí àmì náà kò bá lọ sílẹ̀, iná ń wọlé. Ẹ lè rí i nínú àkójọ ètò pé ó yẹ kí ẹ tan ohun kan tí wọ́n pè ní USB Power Supply kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn USB-C ni pé bátìrì gidi ṣì wà nínú kámẹ́rà. Bí iná ìta bá já fún ìṣẹ́jú kan tàbí wákàtí kan, bátìrì inú á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán kankan kò sì ní sọnù. Ẹ lè yọ power bank kan kí ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé kámẹ́rà mọ̀.

Bátìrì òfìfo kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Ike ni, ó ní ìrísí bátìrì yín gẹ́lẹ́, irin tó ń fọwọ́ kan kámẹ́rà sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju wáyà lọ. Iná tó bá ti òdì kejì wáyà náà wá nìkan ló ní. Canon ní DR-E6 fún kámẹ́rà tó ń lo LP-E6, Nikon ní EP-5B fún EN-EL15, Fujifilm ní CP-W126 fún NP-W126. Àwọn mìíràn náà ń ṣe é, owó wọn sì máa ń kéré sí ti ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú wọn, ẹ rí i dájú pé ó bá kámẹ́rà yín gan-an mu. Bátìrì tòde òní máa ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ láti inú irin kẹta tàbí ìkẹrin, bí òfìfo náà kò bá sì lè dáhùn, kámẹ́rà lè kọ̀ láti tàn.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn bátìrì dáadáa. Lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ẹ ó rí rọ́bà kékeré kan, tí kò ju èékánná ìka ọwọ́ kékeré lọ. Ẹ fi èékánná fà á síta, ihò á ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ ni wáyà òfìfo náà máa gbà jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ti ìlẹ̀kùn náà pa títí ẹ ó fi gbọ́ kẹ́ẹ́. Súwíṣì kékeré kan wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn yẹn. Bí kò bá tì tán, kámẹ́rà kò ní tàn, ẹ ó sì máa rò pé òfìfo náà ló bàjẹ́. Èyí tí mo bá ti rí tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé ìlẹ̀kùn nítorí wáyà máa ń dùn mí, torí rọ́bà náà wà níbẹ̀, wọn kò kàn rí i ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan orísun iná

Bí iná ògiri bá wà nítòsí, tí kì í sì í já, ẹ lo adapter tó bá kámẹ́rà náà mu, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun kan péré ni mo ní láti fi kún un: ẹ jẹ́ kí adapter náà wà nínú ilé tàbí níbi gbígbẹ, kí ó jẹ́ wáyà oní-fóltì kékeré nìkan ló jáde lọ síta.

Power bank ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ rò, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára, fóltì 3.7 inú rẹ̀ ni wọ́n fi ka nọ́ńbà náà, nítorí náà Wh 74 ló jẹ́. Nígbà tó bá yí i sí fóltì 5, tí bátìrì òfìfo oní-USB (èyí tó ní ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé fóltì sókè lórí wáyà rẹ̀) tún yí i lọ sókè sí 8, ohun tó máa dé inú kámẹ́rà kò ní ju bíi 50 sí 55 lọ. Fún kámẹ́rà oní-wáàtì 2, ọjọ́ kan àti díẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú, inú àpò ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wà, Wh 100 sì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbà láìjẹ́ pé ẹ tọrọ àyè lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Wọ́n ṣe power bank fún fóònù. Bí iná tó ń jáde lára rẹ̀ bá kéré, á rò pé fóònù náà ti kún, á sì pa ara rẹ̀. Kámẹ́rà tó ń sùn láàárín àwòrán méjì ń jẹ iná tó kéré púpọ̀. Mo ti to kámẹ́rà kan láti ya bí ìrì ṣe ń gbẹ lórí ewé láti òru di ọ̀sán. Àwòrán mọ́kànlá péré ni mo bá. Power bank náà sì wà níbẹ̀, àmì mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣì ń tàn lára rẹ̀ nígbà tí mo tẹ bọ́tìnì rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó síbẹ̀, ẹ wá èyí tó ní ètò fún ohun tí kò jẹ iná púpọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, títẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì tàbí dídì í mú ló máa ń tan ètò náà. Ẹ dán an wò fún odindi òru kan, torí àwọn kan wà tí ètò yẹn ń kúrò fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá ó ń pa iná fún ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ẹ bá so ṣájà mọ́ ọn tàbí tí ẹ bá yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fóònù kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó wà lórí bátìrì òfìfo á kú lójú ẹsẹ̀.

Fún iṣẹ́ tó ju ọjọ́ méjì lọ, bátìrì fóltì 12 ni mo ń lò. Kì í sùn, kì í rò pé ohunkóhun ti kún. Oríṣi méjì ni ẹ ó bá pàdé. Ti òjé, tí wọ́n fi ásíìdì ṣe, owó rẹ̀ kéré, ó wúwo, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ nìkan ni ó sì yẹ kí ẹ lò bí ẹ bá fẹ́ kí ó pẹ́. Ti fóltì 12 àti áńpù-wákàtí 7 jẹ́ Wh 84, ẹ ka 42. Bí ó bá kún tó sì ti sinmi, mítà tí a fi ń wọn fóltì á ka nǹkan bíi 12.7. Bí ó bá ti sún mọ́ 12.1, ó ti dé ìdajì, ẹ gbà á kún. Èkejì ni LiFePO4, oríṣi bátìrì lithium kan. Owó rẹ̀ ju ti òjé lọ, ó fúyẹ́, ẹ sì lè lo nǹkan bíi ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ti fóltì 12.8 àti áńpù-wákàtí 20 jẹ́ Wh 256, ó tó fún Wh 180 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún ṣẹ́ kù.

Ẹ má ṣe so ínfátà mọ́ bátìrì náà kí ẹ tún wá so adapter ògiri mọ́ ínfátà. Ínfátà fúnra rẹ̀ lè máa jẹ wáàtì tó ju ti kámẹ́rà lọ nígbà tí kò tilẹ̀ gbé ohunkóhun. Ẹ̀rọ kékeré tó ń mú fóltì wálẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní buck converter, ni kí ẹ lò.

Níbi tí iná ògiri ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ pa méjèèjì pọ̀: ṣájà tó ń mú bátìrì òjé dúró ní nǹkan bíi fóltì 13.6 wà lórí iná ògiri, buck converter sì ń gba tirẹ̀ láti orí bátìrì náà. Bí iná ògiri bá lọ, kò sí súwíṣì tó máa yí, kò sí ohun tó máa ṣẹ́jú. Kámẹ́rà kò tiẹ̀ mọ̀ pé iná lọ. Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo ti lò, èyí ló fún mi ní ìfọ̀kànbalẹ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ to buck converter, ẹ má kánjú níbí

Èyí tó wọ́pọ̀ ni ti LM2596. Ó ń gba fóltì 12, ó ń tú fóltì tó kéré sí i jáde. Ihò méjì wà ní apá kan tí wọ́n kọ IN sí, méjì ní òdì kejì tí wọ́n kọ OUT sí. Láàárín wọn ni àpótí búlúù kékeré kan wà, skúrù aláwọ̀ idẹ tín-ń-tín sì wà lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe so kámẹ́rà mọ́ ọn. Ẹ so bátìrì fóltì 12 mọ́ IN, kí ẹ fi ẹnu mítà méjèèjì kan OUT. Nọ́ńbà tí ẹ máa rí lè sún mọ́ 12. Ẹ fi screwdriver tó kéré jù yí skúrù náà sí apá òsì. Ó lè gba kí ẹ yí i tó ìgbà mẹ́wàá kí nọ́ńbà ojú mítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́, ẹ máa yí i lọ. Nígbà tí ó bá sún mọ́ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ máa yí i ní ìdajì ìdajì.

Èwo ni ibi tí ẹ ń lọ? Ohun tí wọ́n kọ sára adapter tí ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà ṣe fún un ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn lò fún kámẹ́rà tirẹ̀. Ti Fujifilm tí wọ́n ń pè ní AC-9V, orúkọ rẹ̀ ti sọ fóltì rẹ̀ fún wa. Bí ẹ kò bá rí ìwífún kankan, bátìrì gidi ni ẹ máa wò. Èyí tí wọ́n kọ fóltì 7.2 sí lára máa ń dé 8.4 nígbà tó bá kún, nítorí náà 8.0 wà láàárín ohun tí kámẹ́rà náà ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí ìwífún, mo kì í kọjá 8.4 láé. Kámẹ́rà kékeré tó ń lo bátìrì fóltì 3.6 tàbí 3.7 yàtọ̀ pátápátá: 8.0 á jó o.

Bí nọ́ńbà bá ti dúró síbi tí ẹ fẹ́, ẹ kán kútẹ́ẹ̀sì kan sórí skúrù náà kí ó má baà yí nígbà tí ẹ bá ń gbé e kiri. Lẹ́yìn náà, ẹ so wáyà bátìrì òfìfo mọ́ OUT, kí ẹ tún fi mítà wọn irin ara òfìfo náà fúnra rẹ̀ kí ó tó wọ inú kámẹ́rà. Pọ́sítíìfù gbọ́dọ̀ wà níbi tí bátìrì gidi kọ àmì + sí. Bí mítà bá fi àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà, ẹ ti so ó lódì, ẹ yí wáyà náà padà. Ìṣẹ́jú kan péré ni wíwọ̀n yìí ń gbà, òun ló sì dúró láàárín yín àti kámẹ́rà tó jó.

Ẹ fi fíúsì áńpù 3 sórí wáyà pọ́sítíìfù, kí ó sún mọ́ bátìrì fóltì 12 bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Bí wáyà bá bó tí méjèèjì sì fọwọ́ kan ara wọn, bátìrì òjé kékeré pàápàá lágbára láti mú wáyà náà gbóná títí yóò fi gbiná.

Ọ̀rọ̀ gígùn wáyà tún wà. Nígbà tí ṣọ́tà bá ṣí, kámẹ́rà máa ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wáyà bá gùn tó sì tín-ínrín, fóltì á já wálẹ̀ lójú ọ̀nà, kámẹ́rà á sì sọ pé bátìrì ti tán. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fóltì 12 ló rin ọ̀nà jíjìn, kí ẹ gbé buck converter sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà. Wáyà láti ibẹ̀ dé inú òfìfo kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n apá kan lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi sólà kún un

Ẹ padà sí Wh 48 lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú àfikún rẹ̀ ó di 60. Ká sọ pé ibi iṣẹ́ náà ń rí oòrùn tó gbóná dáadáa fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́: 60 tí a fi 4 pín jẹ́ 15. Páànẹ́lì wáàtì 15 tó lórí ìwé, ṣùgbọ́n eruku, ooru àti igun tí ẹ gbé e sí á mú díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Mo máa ń mú un lọ sí 40, kí ọjọ́ kan tí oòrùn ràn lè san gbèsè ọjọ́ tó ṣú. Kí bátìrì náà sì lè gbé ọjọ́ mẹ́ta láìrí oòrùn rárá. Ẹ lo charge controller, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti sólà sínú bátìrì, èyí tó mọ irú bátìrì yín, kí ẹ sì so buck converter tó ń bọ́ kámẹ́rà mọ́ ihò tí wọ́n kọ LOAD sí, torí òun á gé iná kúrò kí bátìrì òjé tó gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo páànẹ́lì náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ kí ẹ tó dè é. Òjìji ẹ̀ka igi kan ṣoṣo lè mú ju ìdajì iná rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2007, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà kan, James Balog, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Extreme Ice Survey. Ó gbé kámẹ́rà kọjú sí àwọn odò yìnyín ní ibi bíi Greenland, Iceland àti Alaska, bátìrì àti sólà ló sì ń bọ́ wọn. Àwòrán kan ní wákàtí kan, nígbà tí ojúmọ́ bá mọ́ nìkan. Ẹ wo bí oorun ṣe pọ̀ tó nínú ètò yẹn. Iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ kì í ṣe ti bátìrì ńlá ní dandan, ti kámẹ́rà tó mọ oorun sùn ni. Níbi òtútù bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé a kì í gba bátìrì lithium kún nígbà tí ooru ibẹ̀ bá wà lábẹ́ 0°C, torí ó ń bà á jẹ́ láti inú. Ẹ lo èyí tó ní ohun tó ń dènà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ di gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀

Ẹ lọ́ wáyà mọ́ ẹsẹ̀ tripod, ẹ fi okùn ike dè é ní ibi méjì, kí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìdè náà àti kámẹ́rà. Bí ẹnikẹ́ni bá kọsẹ̀ lára wáyà, tripod ni kí ó fà, kì í ṣe ihò USB. Ihò yẹn ò lágbára, títún un ṣe sì ń ná owó. Ẹ fi téèpù lẹ gbogbo ibi tí pílọ́ọ̀gì ti wọ ara wọn.

Bí ó bá jẹ́ ìta, ẹ fi bátìrì àti converter sínú àpótí tí omi kò lè wọ̀, kí wáyà gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde. Kí wáyà náà kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀ kí ó tó gòkè lọ sọ́dọ̀ kámẹ́rà. Omi òjò á kán láti ibi tó rọ̀ sí yẹn, kò ní tẹ̀ lé wáyà wọlé. Ẹ gbé àpótí náà síbi òjìji.

Ìgbésẹ̀ keje: ọjọ́ kan fún ìdánwò

Ẹ to gbogbo nǹkan sínú ilé bí ẹ ṣe máa tò ó níbi iṣẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 gbáko. Ẹ wọn fóltì bátìrì kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá parí. Ẹ ka àwòrán: ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún gbọ́dọ̀ fún yín ní 288. Bí ó bá jẹ́ 287, ẹ má fojú fò ó, ẹ wá ibi tí èyí tó kù wà. Àyè tó ṣófo láàárín aago àwòrán méjì á sọ ìgbà tí iná já fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yọ iná kúrò fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dá a padà. Ṣé kámẹ́rà tàn fúnra rẹ̀? Ṣé ó ń bá yíya lọ? Lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, aago tó wà nínú á gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ bí iná bá já, nígbà tí aago ìta tó ní bátìrì tirẹ̀ á máa tẹ bọ́tìnì lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo aago ìta ní gbogbo ìgbà tó bá jẹ́ pé bátìrì òfìfo ló wà nínú kámẹ́rà, tí n kò sì ní sí nítòsí.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó nǹkan kúrò, ẹ má ṣe kọ́kọ́ yọ iná. Ẹ pa kámẹ́rà láti orí súwíṣì rẹ̀ kí ó lè kọ àwòrán ìkẹyìn sínú káàdì tán, kí ẹ wá wọn fóltì bátìrì nígbà tí wáyà ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sára àpótí bátìrì pẹ̀lú iye ọjọ́ tó lò àti àyè tó wà láàárín àwòrán kan sí èkejì.